Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n má bá wọn jó wọlé níbi ìgbéyàwó àbúrò mi torí pé mo sanra. Báwo ni kí n ṣe dá a lóhùn?

Ọmọ Mọ̀ọ́rè béèrè:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ Àìkú.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí. Ọdún 34 ni mo wà, mo bí ọmọ méjì, ọkọ mi ò sì yọ mí lẹ́nu. Mo sanra. Kílò 96 ni ìwọ̀n mi nígbà tí mo gun òṣùwọ̀n gbẹ̀yìn. Mi ò sanra báyìí nígbà tí mo ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn ọmọ kejì, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta, ni ara mi ń pọ̀ sí i. Mo dín oúnjẹ kù, mò ń fẹsẹ̀ rìn láti Mọ̀ọ́rè lọ sí iléèwé, mo fọn díẹ̀, ó tún padà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo fẹ́ wọ kọ́ròpe ní Sábó. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ pariwo pé, “Ọ̀rọ̀bọ̀, owó èèyàn méjì lẹ máa san o!” Gbogbo inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní ABD wà níbẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó wojú mi, ó yíjú wo ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó tún wojú mi. Mo san owó èèyàn méjì. Mo há ara mi mọ́ ilẹ̀kùn, mo gbé báàgì lé àyà, mi ò mí dáadáa títí a fi dé Lágere.

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó èyí tó gbé mi wá síbí. Ìgbéyàwó àbúrò mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, a pé jọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìrémọ láti pín aṣọ ẹbí. A tó èèyàn 15 ní pálọ̀. Màmá tẹ́ aṣọ sórí ẹní, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọn ọ́n, yáàdì márùn-ún fún oníkálukú. Nígbà tó kàn mí, wọ́n dúró, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ yìí, yáàdì mẹ́wàá lo máa san owó rẹ̀.” Wọ́n tún ní, “Àbí kí ni kó o tiẹ̀ fi ṣe? Má bá wọn jó wọlé. Bí fọ́tò bá jáde, ìwọ nìkan ni wọn á máa rí. Jókòó ti àwọn tó ń dáná.” Ni wọ́n bá yọ páálí tíì kan nínú báàgì, wọ́n jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Tíì tí wọ́n ní ó ń mú kí èèyàn fọn. Kí n máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́.

Màmá yìí ló san owó iléèwé mi láti kíláàsì kìíní títí mo fi jáde girama. Nígbà tí ìyá mi kú, orí ẹní wọn ni mo sùn fún oṣù mẹ́fà. Ẹnu mi ò gbà á láti dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún dákẹ́, mo mọ̀ pé mi ò ní lọ síbi ìgbéyàwó náà, àbúrò mi ò sì ní gbàgbé.

Ohun kan tún kù. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà gbé mi ṣubú, orúnkún mi wú. Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí ò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n lọ fọn ná. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí i níbòmíràn pé iṣan inú rẹ̀ ti ya. Láti ìgbà yẹn, ilé ìwòsàn ń bà mí lẹ́rù, pàápàá torí pé wọ́n ti wọn ìfúnpá mi rí, wọ́n sì ní ó ga. Mi ò padà lọ mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀nà Òǹdó:

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Èmi lẹ́pa ni, mo sì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Bí mo bá dé ibi ìnáwó, wọn á ní ọkọ mi ò fún mi lóúnjẹ jẹ. Lọ́dún tí mo rù nítorí àìsàn, àwọn kan ní mo ti lọ kó nǹkan. Nígbà tí mo padà sanra díẹ̀, àwọn kan náà ní, “Ara ẹ ti bọ̀ sípò, owó ti dé.” Ẹnu wọn ni kò dúró sójú kan. Ẹ lọ síbi ìgbéyàwó náà. Ẹ jó.

Ará Parakin:

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó ń sanra láìjẹun. Ẹ dín iyán alẹ́ kù, ẹ jí láago márùn-ún ẹ sáré. Ìfẹ́ ni Màmá yín fi sọ ohun tí wọ́n sọ.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀nà Òǹdó:

Arákùnrin, ẹ tún ìbéèrè wọn kà. Wọn ò béèrè bí èèyàn ṣe ń fọn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:

Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí tíì yẹn: ẹ má mu ún mọ́. Ẹ yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí senna níbẹ̀. Ewé tó ń mú kí èèyàn yàgbẹ́ ni. Ó máa jọ lójú yín pé ẹ ti fọn, torí pé omi àti ìgbẹ́ ti jáde lára yín. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Bí ẹ bá ń mu ún lójoojúmọ́, omi ara á máa dín kù, iyọ̀ ara tí wọ́n ń pè ní potassium á máa bá a lọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ọkàn fi ń lù déédéé. Mo ti rí ọmọbìnrin tó dákú ní ọjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀ nítorí irú tíì yìí. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀yin.

Ti ìfúnpá ńkọ́? Ẹ bi ara yín léèrè: aṣọ tí wọ́n fi di apá yín lọ́jọ́ náà, ṣé ó yí apá yín ká dáadáa, àbí ṣe ni wọ́n ń fi ipá so ó, tó ń já sílẹ̀? Bí aṣọ yẹn bá kéré ju apá lọ, nọ́ńbà tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe rí gan-an lọ. A mọ èyí níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, èyí tó bá apá tín-ín-rín mu. Ẹ padà lọ. Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tó fẹ̀.” Ẹ̀tọ́ yín ni. Bó bá ṣì ga, ohun tí a ń tọ́jú ni, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta máa ń mú kí àwọn obìnrin kan sanra, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ má kàn dá a dúró kí ẹ lọ lóyún láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ní ibi ìfètò-sọ́mọ-bíbí pé ẹ fẹ́ òmíràn. Èyí tí wọ́n ń fi bàbà ṣe, tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, kò ní ohun tó ń mú ara sanra nínú rárá.

Mi ò ní tàn yín. Sísanra tó bẹ́ẹ̀ lè fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kí orúnkún máa dun ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022, ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́jọ láyé ni ìsanra rẹ̀ ti kọjá ààlà. Ṣé gbogbo wọn ni ọ̀lẹ? Ohun tí èèyàn jogún lára òbí wà níbẹ̀, àìróorunsùn wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀, àìsàn kókó ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid wà níbẹ̀, àti irú oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ́jà. Ará Parakin, mo fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ yìí. Mi ò rí ẹnì kan tí ẹ̀sín mú ara rẹ̀ yá. Àwọn tí mo rí, ṣe ni wọ́n sá fún ilé ìwòsàn, bí ọmọ mi yìí ṣe sá, tí wọ́n sì ń dé sọ́dọ̀ wa nígbà tí àìsàn ti wọra.

Awakọ̀ Lágere:

Mo ń wa kọ́ròpe, ọdún 9 rèé. Mi ò ní purọ́, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Èèyàn mẹ́ta ló yẹ kó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Bí wọn ò bá gba mẹ́ta, owó ẹnì kan ti lọ, epo ti wọ́n, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń retí owó rẹ̀ lálẹ́. Ohun tó máa ń bí wa nínú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín ni nǹkan kan ti ń jà ní ọkàn mi. Alájì kan wà tí mo máa ń gbé láràárọ̀. Ara rẹ̀ tóbi gan-an, iwájú ni mo máa ń fi í sí, òun nìkan. Mi ò sọ̀rọ̀ owó èèyàn méjì sí i rí. “Alájì, ẹ káàárọ̀ sà,” ni mo máa ń kí i. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀rọ̀bọ̀ nínú ọkọ̀ mi. Àwọn tí mo máa ń pariwo mọ́ jẹ́ obìnrin, àwọn tó ń lọ sọ́jà, àwọn ọmọ iléèwé. Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí kó tó di òní.

Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ àyè la lè bá èèyàn sọ jẹ́jẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀. Kò yẹ kí gbogbo ará ọkọ̀ gbọ́.

Ọmọ Mọ̀ọ́rè:

Ẹ ṣeun, sà. Bí ẹni yẹn bá ti bá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ǹ bá san án, mi ò sì ní rántí rẹ̀ mọ́ kí n tó sọ̀.

Agbẹjọ́rò, Ìlárè:

Díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Nínú Òfin Orílẹ̀-Èdè wa ti 1999, abala 42 ka àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ tìtorí wọn yan èèyàn nípòsì: ẹ̀yà, ibi tí èèyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú. Títóbi ara kò sí níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Michigan ti fi ìwọ̀n ara sínú òfin wọn láti 1976, ìlú New York sì ṣe tiwọn ní 2023. Ṣùgbọ́n abala 34 tiwa ní kí a bọ̀wọ̀ fún iyì ọmọ ènìyàn. Bí iléeṣẹ́ kan bá lé yín nítorí ara yín, ẹ wá bá agbẹjọ́rò. Ti Màmá yín, kóòtù ò lè dá sí i.

Ìyá Àgbà Òkèrèwè:

Ọmọ mi, mo ti lé ní 70, àwọn ẹgbẹ́ Màmá yín ni mí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ inú wọn.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, obìnrin tó bá sanra ni wọ́n ń yìn. Bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ tí kò sanra lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ẹbí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ère idẹ ọba tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó nílùú wa níbí ní 1957, ẹ lọ wo àwòrán rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 500 tí wọ́n ti ṣe é. Ara rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, ikùn rẹ̀ kún, apá rẹ̀ kún. Ẹni tó rọ ọ́ kò fi í pamọ́ sẹ́yìn àwọn tó ń dáná. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n àti ti fóònù ló yí ojú wa padà, tí àwa àgbà náà wá ń fi ojú àwọn ọmọ wa wo ara.

Ohun tó ṣe Màmá yín ni pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọn kò fẹ́ kí àwọn àna rẹ́rìn-ín sí ẹbí wọn. Kò tọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rántí ohun tí wọ́n sọ mọ́.

Ẹ má fi fóònù pè wọ́n, ẹ má sì kọ̀wé ránṣẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú ẹnì kan tí wọ́n ka sí dání, bóyá ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí àlejò tó dé. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ owó iléèwé, ẹ dúpẹ́ ẹní tí ẹ sùn lé. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́, láìfi iyọ̀ sí i, ẹ sì sọ pé ó dùn yín. Ẹ má ṣàlàyé ara yín fún wọn. Ẹ má sọ nípa abẹ́rẹ́, ẹ má sọ nípa oúnjẹ. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ á di ti bí ẹ ṣe máa fọn. Kí ẹ tó dìde, ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa jó wọlé. Ẹ má tọrọ rẹ̀.

Ará Parakin:

Mo ti ka ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Mi ò mọ̀ nípa aṣọ apá yẹn. Ìyàwó àbúrò mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún tó kọjá, apá rẹ̀ sì tóbi. Màá sọ fún un kó lọ ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:

Ẹ ṣeun. Kó má dá oògùn dúró o, kó kọ́kọ́ lọ wọn ọ́n.

Ọmọ Mọ̀ọ́rè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án):

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin bàbá. Mo ti da tíì nù. Senna wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Mo lọ wọn ìfúnpá. Mo ní kí wọ́n wá èyí tó fẹ̀, nọ́ọ̀sì náà wá a títí dé wọ́ọ̀dù kejì kó tó rí i. 134 lórí 86. Wọ́n ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò fún mi lóògùn. Wọ́n sì ti fún mi lọ́jọ́ tí màá wá gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí mìíràn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìrémọ láago méje àárọ̀. Màmá ń jẹ ọ̀gì. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sọ ọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe ní kí n sọ ọ́. Ohùn mi gbọ̀n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n jókòó ti àwọn tó ń dáná. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, “Mo gbọ́.” Wọn ò sọ nǹkan mìíràn, a sì dìde.

Mi ò mọ ohun tí “mo gbọ́” yẹn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Sátidé, wọ́n fi ọmọ rán aṣọ sí mi, yáàdì mẹ́wàá, tí wọ́n ká pọ̀ dáadáa sínú láílọ́ọ̀nù. Ọmọ náà ní Màmá ní owó yáàdì márùn-ún ni kí n san, bíi ti àwọn yòókù. Mo ti gbé e lọ bá télọ̀.