Àbájáde ìbéèrè mi lórí àwọn tó ń gbọ́ orin mi

Lóṣù tó kọjá, mo béèrè bí olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ agbórinjáde lẹ́yìn ṣe lè mọ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀lé ìmọ̀ràn yín, mo ṣí Spotify for Artists, irinṣẹ́ tí Spotify, iléeṣẹ́ orin orí ayélujára, ṣe fún olórin, tó máa ń fi ìlú àti ọjọ́ orí àwọn olùgbọ́ hàn, mo sì rí i pé Ìbàdàn ni wọ́n pọ̀ sí jù, kì í ṣe Abẹ́òkúta níbi tí mo ti ń náwó sórí pósítà (agídí tèmi náà ni). Ṣùgbọ́n iye kò sọ ìdí. Ẹnu àwọn aládìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti gbọ́ ọ pé àwọn orin tí mo fi ohùn Ẹ̀gbá kọ ni wọ́n ń tún gbọ́. Mo ti gba nọ́ńbà WhatsApp àwọn 19 nínú wọn. Àwọn ni màá kọ́kọ́ fi orin tuntun ránṣẹ́ sí. Mo dúpẹ́, mo ti rí ìdáhùn.