Wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì bàbá mi kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Onídùùrù
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sunday, sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sàmì fún mi ní kékeré. Bàbá mi ló ń tẹ dùùrù níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀nà láti Mile 2 nìkan ti tó ìyà, eruku ti ba léèsì tí mo wọ̀ jẹ́ kí n tó débẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ọmọdébìnrin tó ń júwe ìjókòó bi mí pé ṣé àlejò ni mí. Èmi!

Bẹ́ǹṣì kẹta lápá ọ̀tún, tí bàbá mi fi igi ìrókò kàn fún ìjọ, ò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Àbúrò mi náà ti fi ìṣó kọ tiẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ nígbà ìwàásù, ó sì jẹgba dáadáa. Àga rọ́bà ni wọ́n tò síbẹ̀ báyìí. Wọ́n fi aṣọ bo dùùrù, wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù lé e lórí.

Ṣé kí n kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù ni, àbí kí n pariwo wọn síta?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Tiwa ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n wó gbogbo ẹ̀ ni. Ibi tí ìyá àgbà máa ń so ewúrẹ́ ìkórè mọ́, jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ̀wé!

Ọmọ Àjàrà
Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Kí ni wọ́ọ̀dìn sọ? Ikán lè ti jẹ bẹ́ǹṣì yẹn.

Ọmọ Onídùùrù
Ìrókò ni mo pè é. Ikán kì í tètè ráyè ìrókò.

Bàbá Dáódù
Ọmọ mi, ìlú ìtàn ni Àgbádárìgì o. Ibẹ̀ ni Ajayi Crowther ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ igi Àgíà. Kò yẹ kí wọ́n máa da ohun àtijọ́ nù.

Ọmọ Àjàrà
Ẹ jọ̀ọ́ sà, Crowther kọ́. Freeman, àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ló wàásù níbẹ̀ ní 1842. Ọdún 1845 ni Crowther dé. Igi náà sì ti wó láti 1959, ọwọ̀n ìrántí ló kù níbẹ̀.

Bàbá Dáódù
Ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ̀ ju àríyànjiyàn lọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti bẹ́ǹṣì. Àǹtí, ta lẹ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ọmọ Onídùùrù
Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi, mo jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Màmá ń pè mí látẹ̀yìn, mi ò dúró.

Ọmọ Àjàrà
Màmá wo? Màmá yín wà nínú ìsìn?

Ọmọ Onídùùrù
Wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Tọ́pò ni wọ́n ń gbé.

Ìyá Ìbejì
Háà! Kí ni wọ́n sọ nípa ẹ̀?

Ọmọ Onídùùrù
Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lánàá. Bẹ́ǹṣì náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀, Màmá jókòó sórí ẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ pààrọ̀ ìjókòó, Màmá sì tọrọ tiwa, wọ́n fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá ti fi fún Ọlọ́run, ta ló ní ká gbà á padà? Kí ló dé tí wọn ò bi èmi? Bàbá gbogbo wa ni.

Bàbá Dáódù
Ìwọ ọmọ yìí! Ìyá rẹ wà láyé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọkọ ẹ̀, o fẹ́ fi í sun bíṣọ́ọ̀bù? Tá a bá ka àwọn tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ta ló ṣáájú?

Ìyá Ìbejì
Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o, ẹ má kọ̀wé mọ́. Ẹ fọ́tò yẹn hàn wá, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Onídùùrù
Mi ò ní gbé fọ́tò Màmá síbí. Wọn ò tíì jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu wọn, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà náà tán o, ó wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Àjàrà
Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ pe Màmá lálẹ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín.