Ọwọ́ ta ló yẹ kí ìwé nípa ìdílé tí kánsù mìíràn kó wá sí àdúgbò wa dé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àìrílégbé ní àwọn kánsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ mi ní kánsù wa ní Lọ́ńdọ̀nù ni láti so ẹ̀ka ilé gbígbé pọ̀ mọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn tí àwọn ìdílé aláìnílé ń lò. Òfin Ilé Gbígbé ọdún 1996, ní abala 208, sọ pé bí kánsù kan bá fi aláìnílé sí ilé ní agbègbè kánsù mìíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún kánsù agbègbè náà láàárín ọjọ́ 14 sí ìgbà tí ilé náà ti wà fún onítọ̀hún. Àwọn ìdílé ń dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n a kì í rí ìwé. Kí a tó mọ̀ pé wọ́n wà, àwọn ọmọ wọn á ti jókòó sílé láìlọ sí ilé-ìwé, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.

Mo ti kọ ímeèlì sí kánsù tó ń kó wọn wá, mo sì ti pè wọ́n lórí fóònù, síbẹ̀ kò sí èsì. Àwọn alábòójútó ilé ìgbà díẹ̀ náà ló máa ń ta wá lólobó, bẹ́ẹ̀ òfin kò fi í ṣe ojúṣe wọn.

Ní kánsù tiyín, òṣìṣẹ́ wo ni ìwé abala 208 máa ń dé ọwọ́ rẹ̀, báwo ni ẹ sì ṣe ń rí i pé ó tètè dé ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́?