Ẹ bá mi dá sí i: ìwádìí lórí èdè àti òórùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Mò ń ka iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí èdè méjì, Majid àti Burenhult, gbé jáde ní 2014 nípa àwọn Jahai, ọdẹ inú igbó ní Màléṣíà. Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ àwọ̀ wéré ni wọ́n ṣe ń dárúkọ òórùn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ò rí i ṣe. Ó wú mi lórí gan-an!

Mo fẹ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá oníṣòwò irú àti ògìrì. Ṣùgbọ́n káàdì olóòórùn méjìlá tí àwọn olùwádìí náà fi dán wọn wò ní òórùn ṣokoléètì àti cinnamon (èèpo igi olóòórùn dídùn kan) nínú, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá wa ò mọ̀. Ṣé kí n lò ó bẹ́ẹ̀, àbí kí n kó èròjà ọbẹ̀ tiwa sínú ìgò? Ta ló ti ṣe é ní Yorùbá rí?