Ẹ̀pà aláṣọ pupa: ṣé kí n yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ọmọ Elépà, Ìbàdàn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń ta ẹ̀pà inú ìgò ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á fi iyanrìn yan án, wọ́n á bó o, wọ́n á fẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá dé ìgò tán, wọ́n á ya aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á so ó mọ́ ọrùn ìgò. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń pàtẹ nígbà náà ló máa ń fa ìgò tiwọn mọ́ tirẹ̀, ni wọ́n bá wá àmì sí i. Àmì yẹn ló wá di orúkọ. Àwọn onímọ́tò kì í béèrè ẹ̀pà lọ́wọ́ wa, "aláṣọ pupa méjì" ni wọ́n máa ń sọ.

Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi báyìí, ìdí àtẹ ti di tèmi. Mo fẹ́ kí ẹ̀pà wa wọ súpámákẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ìgò kan lọ sí ọ̀kan, ọ̀gá ibẹ̀ jẹ ẹ́ kan ìdí ìgò kó tó sọ fún mi pé òun ò lè gbà á: ìgò ọtí àlòkù ni, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC.

Ọmọkùnrin kan tó ń ya lógò wá ní kí n mú ₦250,000 wá. Ó ní "Golden Crunch" ni ká máa pè é, àwọ̀ wúrà àti dúdú, kí n sì yọ aṣọ pupa yẹn kúrò torí ó jọ ti oníṣègùn. ₦310,000 ni gbogbo owó ọwọ́ mi. Màámi ò tíì gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Àbúrò, rọra. Irú rẹ̀ ti ṣe mí rí. Àdìrẹ ni mò ń tà, "Ìyá Ìbejì" ni gbogbo ayé ń pè mí. Mo lọ kọ orúkọ òyìnbó gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo kun ilẹ̀kùn wa tó jẹ́ àwọ̀ aró ní funfun. Àwọn oníbàárà mi dé láti Iléṣà, wọ́n kọjá mi, wọ́n lọ ń béèrè mi lọ́wọ́ onísìmẹ́ǹtì, wọ́n ní ṣé mo ti kó lọ ni. Mo ti kun ilẹ̀kùn náà padà. Owó ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.

Àgbà Ìpolówó, Èkó

Iṣẹ́ ìpolówó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ohun tí ìyá rẹ ṣe sí ọrùn ìgò yẹn, iléeṣẹ́ Coca-Cola náà ṣe é ní 1915, ìdí kan náà ló sì fà á. Àwọn aláfarawé ti pọ̀ jù, wọ́n ń pe ọtí ẹlẹ́rìndòdò tiwọn ní orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti Coca-Cola. Ni iléeṣẹ́ náà bá ké sí àwọn tó ń ṣe ìgò pé kí wọ́n ṣe èyí tí èèyàn á fọwọ́ kàn nínú òkùnkùn tí yóò mọ̀ ọ́n, tó tiẹ̀ jẹ́ pé bó bá fọ́ sílẹ̀, èèyàn á ṣì mọ̀ pé òun ni. Iléeṣẹ́ kan ní ìlú Terre Haute, ní Indiana, ló ya ìgò oníbàdí tí a mọ̀ lónìí. Ìyá rẹ ò pe ẹnikẹ́ni, aṣọ ni wọ́n ya.

Nípa yíyọ ọ́ kúrò, wo Tropicana, iléeṣẹ́ tó ń ta omi ọsàn ní Amẹ́ríkà. Ọsàn kan tí wọ́n fi ìfami (straw) gún ló wà lára páálí wọn. Ní January 2009 wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi àwòrán ife omi ọsàn sí i, wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Omi ọsàn inú rẹ̀ ò yí padà rárá. Àwọn èèyàn dé ìdí àtẹ, wọn ò rí èyí tí wọ́n mọ̀, wọ́n mú òmíràn. Títà rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, kò sì tó oṣù méjì tí wọ́n fi sọ pé páálí àtijọ́ ń padà bọ̀.

Lóòótọ́, ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n ara tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń fún ní àgúnmu, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń rìn dáadáa. Ìgò àlòkù lo ní kí o wá nǹkan ṣe sí.

Onítẹ̀wé, Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ Bàbá pé. Ẹ má tẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún o! Ẹ tẹ sítíkà díẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹ wo bó ṣe máa rí lára ike tàbí ìgò tuntun. Ẹ má lo pépà lásán, òróró ẹ̀pà á mu ún, á máa dà bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Oníláílọ́ọ̀nù ni kí ẹ lò. Àwọ̀ méjì ti tó: pupa àti funfun. Ẹni tí ò mọ A yàtọ̀ sí B ṣáà mọ ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì MTN, yẹ́lò ló ń wò.

Lọ́yà wa, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣubú. Orúkọ tí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kò dáàbò bo àmì ọjà yín. Ilé ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà ní Àbújá ni ẹ máa lọ fún ìyẹn. Ọdún méje ni ti àkọ́kọ́, tí ẹ bá sọ ọ́ dọ̀tun ó di ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Wọn kì í sì í fẹ́ fún èèyàn ní ọ̀rọ̀ tó kàn ń ṣàpèjúwe ọjà. "Ẹ̀pà Dídùn" á nira, ti gbogbo elépà ni. "Aláṣọ Pupa" ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀pà, ìdí nìyẹn tó fi dára. "Golden Crunch" ńkọ́? Ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó náwó, kó má lọ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù

Èmi ò fara mọ́ yín tán o. Tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, òyìnbó ò lè pe "Aláṣọ Pupa". Àmọ́ ká sòótọ́, ta ló ń ra ẹ̀pà inú ìgò ní Peckham? Àwa náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé níbí, òfin ní kí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà hàn gedegbe láàárín àwọn èròjà tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí àwọn tí ara wọn kò gbà á.

Alákàrà, Ọ̀yọ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Ta ló ń yan ẹ̀pà ọ̀hún báyìí? Ṣé iyọ̀ rẹ̀ ṣì rí bíi ti ìyá rẹ?

Ọmọ Elépà, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Alákàrà, ẹ gbá mi mú. Onímọ́tò kan sọ fún mi lánàá pé èyí tí òun rà lọ́jọ́ Sátidé jóná díẹ̀. Mo ní oòrùn ni. Irọ́ ni mo pa.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún màámi. Mo rò pé wọ́n á bínú nítorí orúkọ. Wọn ò tiẹ̀ dá sí ìyẹn. Wọ́n ní, "O ní ₦310,000 lọ́wọ́, agbada tó ti jẹ nídìí lo fi ń yan ẹ̀pà mi?"

Agbada la kọ́kọ́ máa rà. Lẹ́yìn rẹ̀, ike tuntun àti sítíkà, kí n tó lọ béèrè ohun tí NAFDAC ń fẹ́. Màámi ní àwọn á máa jókòó tì mí títí iyọ̀ á fi bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n Onítẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gé aṣọ pupa yẹn ránṣẹ́ sí yín, ṣé ẹ lè bá mi rí ọ̀dà tó bá a mu gẹ́lẹ́? Gbági ni wọ́n ti ń rà á, kì í ṣe pupa tó ń tàn yòò.