Ẹ̀yìnkùlé Ilé Eré Ford: Ìrìn Ẹsẹ̀ Tí A Rìn Níbi Tí Wọ́n Ti Pa Lincoln

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú àwa Yorùbá tó wà ní Maryland níbí ń gbèrò láti mú àlejò wọn lọ wo ibi tí wọ́n ti pa Ààrẹ Abraham Lincoln ní Washington. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti rin ìrìn náà pẹ̀lú afinimọ̀nà kan, apá kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa ń sáré kọjá, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ wò. Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá kí wa ní Maryland, kì í sì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè fi ààbọ̀ ìtàn tẹ́ lọ́rùn.

Iwájú Ilé Eré Ford ní òpópónà 10th Street ni a ti bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1865 ni Lincoln àti ìyàwó rẹ̀ wá wo eré apanilẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, ọjọ́ márùn-ún péré sì ni lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Lee, tó ń darí ogun àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò, túúbá fún Ọ̀gágun Grant ti ìjọba àpapọ̀ nínú ogun abẹ́lé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ lù, John Wilkes Booth, òṣèré olókìkí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀ bí ẹni mowó, gun àtẹ̀gùn lọ sókè síbi tí Ààrẹ jókòó sí, ó fi igi há ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa lè lé e bá, ó dúró de gbólóhùn ẹ̀fẹ̀ kan tí ó mọ̀ pé ó máa ń pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín gan-an, ó sì yin ìbọn oní-ọta kan ṣoṣo lu Ààrẹ lẹ́yìn orí. Méjọ̀ Henry Rathbone, tí ó jókòó pẹ̀lú wọn, dì í mú, ṣùgbọ́n Booth fi ọ̀bẹ ya á lápá, ó sì fò láti òkè tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12 sórí ìtàgé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ibi fífò náà ni ẹsẹ̀ òun ti ṣẹ́.

Afinimọ̀nà wa gbádùn apá yìí dénú. Ó ṣàpèjúwe ẹwà Booth, aṣọ rẹ̀, irun imú rẹ̀ àti bí àwọn obìnrin ṣe ń wọ́ tẹ̀ lé e, títí ẹ̀gbọ́n mi fi bi mí ní Yorùbá pé ṣé ìyàwó ni ọkùnrin yìí ń wá fún apànìyàn ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ. Ìrìn tí a bá sanwó rẹ̀ láti rántí ẹni tí wọ́n pa lè yára di oríkì ẹni tó pa á.

Ilé tí Lincoln kú sí kò ju kí ènìyàn sọdá títì lọ. Ilé William Petersen ni, aránṣọ tí ó ti Jámánì wá, tí ó sì ń fi yàrá háyà. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n gbé Ààrẹ sí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ́ kí àwa àlejò kọjá níbẹ̀. Nítorí pé Lincoln ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ dáadáa, ibùsùn náà kò gbà á, gbọọrọ ní ìdábùú ni wọ́n tẹ́ ẹ sí orí rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì dákẹ́ sí ní aago 7:22 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ibùsùn tí ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Èyí tó kú lé lórí wà ní Chicago.

Láti ibẹ̀ ni a ti yí sí ẹ̀yìnkùlé ilé eré náà, ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń pè ní Baptist Alley nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Onítẹ̀bọmi ni ilé náà kí ó tó di ilé eré. Àpótí ìdalẹ̀nù àti ọkọ̀ akẹ́rù ló kún ibẹ̀ báyìí. Afinimọ̀nà náà nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó ní ibẹ̀ ni Booth ti jáde, ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní “Peanuts” ti ń bá a di ẹṣin rẹ̀ mú, ibẹ̀ ló sì gbà sá lọ sí F Street. Ó ti gbé ẹsẹ̀ láti máa lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi í pé àwọn wo ló ń gbé ẹ̀yìnkùlé yìí nígbà náà. Ó fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ilé ẹṣin ló pọ̀ jù níbẹ̀, Ma. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi: “Àbúrò, ṣé ẹṣin nìkan ló ń gbé ẹ̀yìnkùlé ní ìlú yín ni?”

Mo mọ ìdáhùn, nítorí pé mo ti ka àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ní ó bá Booth dìtẹ̀ kí a tó wá. Àwọn obìnrin dúdú méjì, Mary Jane Anderson àti Mary Ann Turner, ló ń gbé ẹ̀yìn ilé eré yẹn gan-an. Àwọn méjèèjì mọ Booth ní ojú. Anderson rí i níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tún rí i ní alẹ́ nígbà tí ó fa ẹṣin wá, tí ó ń pe Ned, ìyẹn Edman Spangler tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé. Nígbà tí ariwo ta, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kò Spangler lójú pé òun ni ọkùnrin yẹn pè, Spangler sì sẹ́ kanlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn méjèèjì dúró níwájú ìgbìmọ̀ ológun tó gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ rántí pé ọdún 1862 ni òfin tó tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Washington jáde, àti pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọn kì í gba ẹ̀rí ènìyàn dúdú lòdì sí òyìnbó ní ilé ẹjọ́ nígbà náà. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà fún Spangler, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ Andrew Johnson dárí jì í ní ọdún 1869.

Afinimọ̀nà náà ní kí n sọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́, mo sì sọ ọ́. Ọkùnrin arúgbó kan béèrè bóyá àmì kankan wà tó ń rántí àwọn obìnrin náà níbẹ̀. Gbogbo wa wo ara ògiri yíká, a kò rí ọ̀kankan.

Ibi tí a dé lẹ́yìn náà ni ilé Mary Surratt ní 604 H Street, ní àdúgbò àwọn ará Ṣáínà. Ilé oúnjẹ ni wọ́n ti sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà, òórùn àlùbọ́sà àti epo gbígbóná sì ń jáde pàdé wa bí a ṣe ń ka àkọlé tó wà lára rẹ̀. Opó ni Surratt, ó ń gba ayálégbé, Booth àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń wọlé jáde níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, bí àwọn agbófinró ṣe wá mú un, ni Lewis Powell, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Booth, kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ohun ìgbẹ́lẹ̀ ní èjìká, tí ó ní òun wá gbẹ́ gọ́tà. Gọ́tà wo ni wọ́n ń gbẹ́ lóru? Surratt búra pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje wọ́n yẹgi fún òun, Powell, àti àwọn ẹgbẹ́ Booth méjì mìíràn, David Herold àti George Atzerodt. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pa. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wọnú ọ̀rọ̀ náà tó, a sì jiyàn tiwa náà níbẹ̀.

Kirkwood House, tó wà ní igun 12th Street àti Pennsylvania Avenue, kò sí mọ́. Nínú ète àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, ibẹ̀ ni ó yẹ kí Atzerodt ti pa Johnson, tó jẹ́ Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ní alẹ́ tí Booth yìnbọn lu Lincoln. Ọtí ló mu dípò rẹ̀, ó sì sá lọ.

Lafayette Square, ní iwájú White House, ni ìrìn náà parí sí. Ilé William Seward, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Ó dùbúlẹ̀ àìsàn nítorí jàǹbá ọkọ̀ ẹṣin tó fọ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tí Powell dé ní alẹ́ kan náà, tí ó ń díbọ́n pé oògùn ni òun gbé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà. William Bell, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, ló ṣí ilẹ̀kùn, òun ló sì bá a fa ọ̀rọ̀ pé kò lè gòkè. Powell fi agbára gòkè, ó fi ìbọn gbá ọmọ Seward lórí, ó sì gún Seward lọ́bẹ lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò kú. Òun ló tún wá bá ìjọba ra Alaska ní ọdún 1867. Bell ti sáré jáde sí ìgboro, ó ń kígbe pé wọ́n ń pànìyàn. Nígbà tí wọ́n mú agbẹ́gọ́tà wa yẹn dé àgọ́ àwọn ológun, Bell ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ó lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ Powell, ó ní òun nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bí òun bá jẹ́ afinimọ̀nà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ rí ilé eré náà kò ní mọ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí náà ń jẹ́rìí sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ bi afinimọ̀nà yín kí ẹ tó sanwó bóyá ó máa mú yín wọ Baptist Alley. Bí kò bá ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gba F Street wọ ibẹ̀ fúnra yín, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń gbé ní ìhà Clinton ní Maryland nínú wa sì lè ya ilé ọtí Surratt àtijọ́ wò. Ibẹ̀ ni Booth àti Herold dúró sí ní ọ̀gànjọ́ òru náà láti gba ìbọn, ó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí.