Ta ni kí ó ṣáájú àwọn olùdámọ̀ràn bí mo bá fẹ́ ta iléeṣẹ́ mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà nínú òwò, mo fẹ́ fi iléeṣẹ́ tí mo dá sílẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láàárín ọdún 3 sí 5. Mo ní agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ta ni kí n tún pè, ta sì ni kí ó ṣáájú wọn?

Èsì 1: Ẹ wá ẹni tó mọ owó orí dáadáa, ẹni tí yóò díyelé iléeṣẹ́ náà, àti ẹni tí yóò bá yín ṣírò iye tí ẹ nílò láti gbé ayé lẹ́yìn títà. Kí aṣáájú wọn má jẹ́ alágbàtà tó ń gba ìdá nínú owó títà, nítorí yóò nira fún un láti sọ pé kí ẹ dúró, bí dídúró tilẹ̀ sàn jù.

Èsì 2: Òótọ́ ni. Nígbà tí mo ń ta iléeṣẹ́ tèmi, èmi kò pe gbogbo àwọn olùdámọ̀ràn mi jókòó pọ̀ rí (àṣìṣe mi nìyẹn), a sì ti fẹnu kò lórí iye kí n tó mọ̀ pé owó orí lórí títa dúkìá iléeṣẹ́ yàtọ̀ sí ti títa ìpín ìdókòwò, ìyẹn ìpín tí ènìyàn ní nínú iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Màá pè wọ́n jọ lóṣù yìí.